Ẹ Má Yọ Orí Bátìrì

Ìpè láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Aberdeen, ní Scotland. Ọjọ́rú kan nínú oṣù keje, aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. DÉỌLÁ ni ẹ̀gbọ́n. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, inú ilé bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn. TÌMÍLẸ́YÌN ni àbúrò. Ẹnjiníà ni, Aberdeen ló ti ń ṣiṣẹ́.

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Ariwo ẹ̀rọ ńlá lẹ́yìn.]

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí?

DÉỌLÁ: Káàárọ̀. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

TÌMÍLẸ́YÌN: Wọ́n wà dáadáa mà. Màmá ńkọ́? Ibi iṣẹ́ ni mo wà o, mo kàn sáré—

DÉỌLÁ: Wọ́n wà. Tìmí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí ọkọ̀ ẹ?

TÌMÍLẸ́YÌN: Ọkọ̀ mi?

DÉỌLÁ: Mo tẹ rìmóòtù yìí títí, kò dá mi lóhùn.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ta ló gbé rìmóòtù mi jáde? Inú yàrá mi ni mo tì í mọ́.

DÉỌLÁ: Èmi ni. Mo ti já àgádágodo yàrá ẹ.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ já àgádágodo yàrá mi?

DÉỌLÁ: Mo já a. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí ọkọ̀ náà?

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ dúró ná. Kí lẹ fẹ́ mú nínú ẹ̀? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

DÉỌLÁ: Mi ò fẹ́ mú nǹkan kan. Mo fẹ́ wà á.

[Ariwo ẹ̀rọ lọ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kan dún.]

TÌMÍLẸ́YÌN: Mo ti jáde síta. Ẹ tún un sọ. Wà á lọ síbo?

DÉỌLÁ: Ìbàdàn.

TÌMÍLẸ́YÌN: Lónìí?

DÉỌLÁ: Nísinsìnyí.

TÌMÍLẸ́YÌN: Rárá mà. Ẹ má bínú, rárá ni. A ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo wálé ní February. Mo ní kí ọkọ̀ yẹn wà ní gáráàjì títí mo máa fi dé ní December. Ẹ̀yin náà ní ẹ ti gbọ́.

DÉỌLÁ: Mo gbọ́. O tún kọ ọ́ sínú ìwé, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí n má bàa gbàgbé. Tìmí, mi ò ráyè. Rìmóòtù yìí.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ tẹ èyí tó ní àwòrán àgádágodo tó là—

DÉỌLÁ: Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Iná ọkọ̀ ò ṣẹ́jú?

DÉỌLÁ: Kò sí nǹkan tó ṣẹ́jú. Ó dákẹ́ rọ́rọ́.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ó dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti pa bátìrì mi.

DÉỌLÁ: Èmi?

TÌMÍLẸ́YÌN: Bátìrì tuntun. Èmi fúnra mi ni mo lọ yàn án. Mo gbé ṣájà láti ibí wá, mo so ó mọ́ ọn kí n tó lọ, iṣẹ́ ti parí. Kí lẹ ṣe sí i?

DÉỌLÁ: Mi ò fọwọ́ kàn án.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ ti yọ ṣájà.

DÉỌLÁ: Ṣájà ẹ wà níbi tí o fi í sí. Mo ti ká tapólì ọkọ̀, mò ń wò ó báyìí. Wáyà pupa àti wáyà dúdú wọlé sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí ẹ̀ wà lára ògiri. Mi ò yọ ọ́ lọ́jọ́ kan.

TÌMÍLẸ́YÌN: Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bátìrì ò lè kú. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Tí yìnyín bá dé, tí èèyàn ò ní wa ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta, a máa so ṣájà mọ́ ọn, a máa fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí òtútù bá lọ, ó máa sitáàtì lẹ́ẹ̀kan. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe é. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÉỌLÁ: Mo gbọ́ ẹ. Iná wo ni ṣájà náà ń lò?

TÌMÍLẸ́YÌN: Iná wo báwo? Iná NEPA.

DÉỌLÁ: A ò ní iná.

TÌMÍLẸ́YÌN: Wọ́n mú un lọ láàárọ̀ yìí?

DÉỌLÁ: Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Tiransífọ́mà àdúgbò jó. Mo sọ fún ẹ, Tìmílẹ́yìn. Mo ya fọ́tò èéfín ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. O fi àwòrán ọwọ́ àdúrà méjì dá mi lóhùn.

TÌMÍLẸ́YÌN: Mo rò pé wọ́n ti tún un ṣe.

DÉỌLÁ: Ta ló máa tún un ṣe?

TÌMÍLẸ́YÌN: Oṣù méjì. Ẹ ò wá yọ ṣájà? Tí kò bá sí iná, ṣájà yẹn á máa fa bátìrì padà. Iná kékeré tó wà lójú ẹ̀ yẹn, inú bátìrì ló ti máa máa mu. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè—

DÉỌLÁ: Dúró.

TÌMÍLẸ́YÌN: —á ti fa nǹkan yẹn yọ lọ́jọ́ kìíní—

DÉỌLÁ: Mo ní dúró níbẹ̀, Ẹnjiníà. Iwájú ìwé ẹ ni mo wà. Mo fẹ́ kà á sí ẹ létí. Òyìnbó lo fi kọ ọ́, o sì fi ọ̀rá bò ó kí omi má bàa bà á jẹ́. "Number one. Nobody is to drive this car." "Number two. Do not remove the charger for any reason." O fa ìlà sábẹ́ "any". Ìlà méjì.

TÌMÍLẸ́YÌN: Mo mọ nǹkan tí mo kọ.

DÉỌLÁ: Kò tíì tán. Ìkẹta. "Ẹ MÁ YỌ ORÍ BÁTÌRÌ." Èyí nìkan lo fi Yorùbá kọ. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní English, o wá ń túmọ̀ fún mi.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ̀yin kọ́ ni mo kọ ìyẹn fún. Joel ni.

DÉỌLÁ: Ó dáa tí o dárúkọ Joel. Lọ́jọ́ kejì tí tiransífọ́mà jó ni Joel tó ń ṣe iná ọkọ̀ wá bá mi. Mi ò pè é, òun ló wá. Ó ní kí n yọ ṣájà yẹn, kí n tú orí dúdú bátìrì, kí n fi aṣọ wé e, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní aago inú ọkọ̀ àti alámù ń jẹ bátìrì díẹ̀díẹ̀, kódà kí ọkọ̀ máa sùn. Ó ní tí mi ò bá fẹ́ tú u, kí n máa wà á lọ sí Odogbolu lálọ àtàbọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe kí n kàn tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n pa á, pé ìyẹn gan-an burú ju kí n má tan án lọ. Ó ní ooru tiwa níbí ń gbẹ bátìrì ju òtútù tiyín lọ. Mo pè ọ́, mo ro gbogbo ẹ̀ fún ẹ. Kí lo sọ?

TÌMÍLẸ́YÌN: Ìyẹn ti pẹ́.

DÉỌLÁ: Kí lo sọ?

TÌMÍLẸ́YÌN: Mo ní kí Joel má fọwọ́ kan ọkọ̀ mi.

DÉỌLÁ: O ní mẹkáníìkì etí títì ni. O ní tó bá yọ orí bátìrì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbàgbé gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀. O pariwo mọ́ mi lójú àwọn tíṣà kéékèèké, nínú ọ́fíìsì, mi ò tíì ráyè pa sípíkà. Ojú tì mí. Mo lọ sọ fún Joel pé kó máa lọ. Mo tẹ̀lé nǹkan tí o kọ, Tìmí. Nǹkan tí o kọ ló pa bátìrì ẹ.

[Ìlà ń há. Ohùn ń lọ, ó ń bọ̀.]

TÌMÍLẸ́YÌN: —gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÉỌLÁ: Mo gbọ́.

TÌMÍLẸ́YÌN: Mo ní ó dáa, ẹ̀bi mi ni. Bátìrì ti kú, ó ti kú. Ẹ pe Zakariyah. Ṣebí táksì ẹ̀ lẹ máa ń wọ̀.

DÉỌLÁ: Èkó ni Zakariyah wà láti àná. Mo pe onítáksì mẹ́rin mìíràn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ àdúgbò wa. Agẹmọ ń kọjá lónìí.

TÌMÍLẸ́YÌN: Òní ni?

DÉỌLÁ: Òní ni. Tó bá ti lu mẹ́wàá, obìnrin ò gbọdọ̀ sí níta mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn awakọ̀ ò sì fẹ́ há sọ́dọ̀ wa. Ogún ìṣẹ́jú ló kù.

TÌMÍLẸ́YÌN: Kìrìsìtẹ́nì ni yín. Ẹ gbé gíláàsì sókè, ẹ máa lọ.

DÉỌLÁ: Ọmọ Ìjẹ̀bú náà ni mí. Láti ìgbà tí Màmá ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni wọ́n ti ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ òní. Wọn ò ní bá mi jáde lẹ́yìn mẹ́wàá, kódà kí n gbé wọn.

TÌMÍLẸ́YÌN: Màmá ń bá yín lọ? Kí ló wà ní Ìbàdàn? Ẹ lọ lọ́la.

DÉỌLÁ: Dókítà ojú.

TÌMÍLẸ́YÌN: Checkup? Ẹ̀gbọ́n mi, torí checkup lẹ ṣe já ilẹ̀kùn mi?

[Adìyẹ kan ń ké lọ́ọ̀ọ́kán.]

TÌMÍLẸ́YÌN: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÉỌLÁ: Kì í ṣe checkup. Ojú òsì Màmá ti lọ láti Àjíǹde.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ó lọ báwo?

DÉỌLÁ: Kò ríran mọ́. Ti ọ̀tún ló kù, fìrìfìrì ni ìyẹn náà ń rí. Láti alẹ́ àná ló ti ń ro wọ́n. Wọ́n di orí mú, wọ́n ń bì, wọ́n ní iná gbogbo ní òrùka lára. Aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí ni mo tó bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó ní omi inú ojú ló pọ̀ jù, tó ń tì í láti inú. Ó ní kí n gbé wọn dé ọ̀dọ̀ òun kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo bi í pé tó bá di ọ̀la ńkọ́. Ó ní tó bá di ọ̀la, kí n má wulẹ̀ sáré mọ́.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ ò sọ fún mi.

DÉỌLÁ: Wọ́n ní kí n má sọ. Wọ́n mú mi búra. Wọ́n ní wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Àjíǹde, Ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mélòó nìyẹn? Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mò ń pè. Video ni mò ń ṣe. À ń rí ara wa—

DÉỌLÁ: Ìwọ lò ń rí wọn.

TÌMÍLẸ́YÌN: Mo fi etí òkun hàn wọ́n. Wọ́n ní ó lẹ́wà.

DÉỌLÁ: Ìmọ́lẹ̀ fóònù ni wọ́n ń wò. Èmi ni mo máa ń yí orí wọn síbi tó yẹ.

TÌMÍLẸ́YÌN: Sunday tó kọjá, mo bi wọ́n pé irùngbọ̀n mi ńkọ́. Wọ́n ní mo fá a dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

DÉỌLÁ: Wọn ò mọ̀ pé o dá irùngbọ̀n sí.

[Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fóònù.]

TÌMÍLẸ́YÌN: Inú ń bí mi sí yín. Mi ò ní purọ́. Ẹ sọ mí di òmùgọ̀.

DÉỌLÁ: Bínú. Inú ń bí èmi náà. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tèmi ti dẹnu kọlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé Màmá lọ sí Ìbàdàn nínú bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo kọjá lára ọkọ̀ ẹ kí n tó jáde ní géètì. Mo bínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bá tapólì sọ̀rọ̀. Ní báyìí, ṣé o máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, àbí kí n fọ́ gíláàsì ẹ̀? Mo ti mú òkúta dání.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ má fọ́ ọ. Ẹ yí rìmóòtù yẹn sẹ́yìn. Nǹkan kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó rí bí èékánná. Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fa ìdí ẹ̀.

DÉỌLÁ: Ó yọ. Irin ni. Kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú ẹ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Torí irú ọjọ́ báyìí ni.

DÉỌLÁ: Ìyẹn ò sí lára ògiri.

TÌMÍLẸ́YÌN: Mo mọ̀ pé kò sí lára ògiri. Ẹ lọ síbi ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ìdérí kékeré kan wà ní ìdí ibi tí wọ́n ń fọwọ́ mú. Ẹ fi irin yẹn gbé e, ihò kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ẹ̀.

[Irin ń họ nǹkan. Nǹkan kékeré jábọ́ sílẹ̀.]

DÉỌLÁ: Ìdérí ẹ ti já bọ́.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yí i.

[Ilẹ̀kùn ṣí.]

DÉỌLÁ: Ó ti ṣí.

TÌMÍLẸ́YÌN: Abẹ́ sitẹ́ẹ̀rìn, lápá òsì, ẹ máa rí nǹkan tó ní àwòrán bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fà á. Ẹ yára. Aago mélòó?

DÉỌLÁ: Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ta sókè. Bàbá Frederick ti ń bọ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Bàbá Frederick wo?

DÉỌLÁ: Bàbá Frederick ẹ̀gbẹ́ ilé, ta ló tún kù? Ó ti wa ọkọ̀ ẹ̀ wọlé, ó kọjú ẹ̀ sí tìẹ. Ó mú wáyà jọ́ḿpà wá.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ̀gbọ́n mi, rárá. Ẹ ní kí wọ́n dúró. Ọkọ̀ tí Bàbá yẹn ń lò dàgbà jù mí lọ. Wọn ò mọ irú èyí. Tí wọ́n bá fi pupa kan dúdú pẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yẹn jó nìyẹn, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe ní gbogbo Ìjẹ̀bú—

DÉỌLÁ: Tìmílẹ́yìn.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ jẹ́ kí n wá ẹnì kan láti Èkó, mo mọ ẹnì kan—

DÉỌLÁ: Tìmílẹ́yìn, mú ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tàbí ojú ìyá ẹ. Èwo?

[Ilẹ̀kùn ọkọ̀ Bàbá Frederick dún.]

DÉỌLÁ: Mò ń dúró.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ fi fóònù sí sípíkà kí wọ́n gbọ́ mi.

DÉỌLÁ: Mo ti fi í síbẹ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà ṣájà kúrò pátápátá.

DÉỌLÁ: Ó ti yọ ọ́. Ó ti jù ú sí igun ògiri.

TÌMÍLẸ́YÌN: Wáyà pupa, ibi àmì ìròpọ̀ lórí bátìrì tèmi kọ́kọ́. Orí kejì pupa, ibi àmì ìròpọ̀ lórí bátìrì tiyín. Wáyà dúdú, ibi àmì ìyọkúrò lórí tiyín. Orí dúdú tó kù, ẹ má gbé e sórí bátìrì mi rárá. Ẹ wá irin kan lára ẹ́ńjìnì, irin tí wọn ò kùn lọ́dà. Ṣé ẹ gbọ́ mi, sà?

[Ohùn ọkùnrin àgbà kan lọ́ọ̀ọ́kán, kò já geere.]

TÌMÍLẸ́YÌN: Kí ni wọ́n wí?

DÉỌLÁ: Ó ní òun ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ẹ. Ó ní kí o fọkàn balẹ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ṣé ibi irin ni wọ́n fi dúdú sí?

DÉỌLÁ: Ibi irin ni. Ó ti so gbogbo ẹ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ ní kí wọ́n tan ọkọ̀ tiwọn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sitáàtì tèmi títí—

DÉỌLÁ: Kò sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mẹ́tàlá ló kù lápapọ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Bátìrì yẹn ti gbẹ kanlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mu díẹ̀.

DÉỌLÁ: Márùn-ún.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ó dáa, márùn-ún.

[Ẹ́ńjìnì kan gbé ohùn sókè, ó ń gbọ̀n.]

TÌMÍLẸ́YÌN: Màmá dà?

DÉỌLÁ: Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti wọṣọ láti àárọ̀. Wọ́n fi ìborùn bo ojú méjèèjì.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rò pé ọkọ̀ ni mo fẹ́ràn ju—

DÉỌLÁ: Mi ò ro nǹkan kan.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó wà lọ́kàn mi pé ní December, èmi fúnra mi ni mo máa fi gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n jókòó níwájú. Kí ó ṣì máa rùn bí ọkọ̀ tuntun. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á.

DÉỌLÁ: Tuntun fún ta ni? Ojú wo ni wọ́n fẹ́ fi wò ó?

[Ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n. Tìmílẹ́yìn ń fa imú.]

DÉỌLÁ: Má sunkún fún mi lórí fóònù. Tí o bá fẹ́ sunkún, sọ nǹkan tó kàn ná.

TÌMÍLẸ́YÌN: Mi ò sunkún. Ìṣẹ́jú mélòó?

DÉỌLÁ: Ó ti pé márùn-ún.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ wọlé. Ẹ fi ara rìmóòtù kan bọ́tìnnì, torí ó ṣeé ṣe kí bátìrì inú ẹ̀ náà ti rẹ̀. Ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì.

[Ìró tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́.]

DÉỌLÁ: Ó ń ta, kò gbà.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ dáwọ́ dúró. Iná inú ẹ̀ tàn?

DÉỌLÁ: Ó tàn, ó tún kú. Tìmí, wọ́n ti ń ti géètì ní òdìkejì. Mò ń gbọ́ wọn.

TÌMÍLẸ́YÌN: Orí bátìrì. Ẹ wo orí bátìrì níbi tí wáyà pupa gbá mú. Nǹkan funfun ò bò ó?

DÉỌLÁ: Ó bò ó. Funfun, ó tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ó le bí ìpẹ́.

TÌMÍLẸ́YÌN: Òun ni kò jẹ́ kí iná wọlé. Ẹ fi irin kọ́kọ́rọ́ yẹn ha a kúrò, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ásíìdì ni. Kí Bàbá yọ wáyà pupa, kí wọ́n ha ibẹ̀, kí wọ́n gbá a mú padà, kí wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì.

[Irin ń họ. Ọkùnrin àgbà náà ń kùn.]

TÌMÍLẸ́YÌN: Aago?

DÉỌLÁ: Ó ku méje. Ó ti gbá a mú. Mo ti wọlé.

TÌMÍLẸ́YÌN: Kí Bàbá tẹ ọkọ̀ tiwọn dáadáa. Báyìí.

[Ìró kan tó wúwo, ó fà, ó tún fà. Ẹ́ńjìnì kejì gbà. Ó dúró.]

DÉỌLÁ: Ó gbà. Tìmí, ó gbà. Olúwa, mo dúpẹ́.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ má pa á o. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pa ọkọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí Bàbá tú wáyà, dúdú tó wà lára irin ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Ẹ má tan AC, ẹ má tan rédíò. Ẹ má pa á ní Odogbolu, ẹ má pa á nílé epo. Ó ní epo?

DÉỌLÁ: Ó fi hàn pé ó kọjá ìdajì.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ó tó. Ẹnu ọ̀nà dókítà ni kí ẹ ti pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, kó má sitáàtì mọ́ láyé, mi ò bínú. Mò ń pe ọ̀gá mi, mò ń wálé. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÉỌLÁ: Mo gbọ́. Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Sókè sí i. Ìjókòó nìyẹn. Ẹ di fóònù mú, Tìmí ni. Ó ti mọ̀, Màmá. Ó ti mọ gbogbo ẹ̀.

[Ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé. Géètì ń ṣí. Ẹ́ńjìnì gbé ohùn sókè.]

MÀMÁ: Tìmílẹ́yìn.

TÌMÍLẸ́YÌN: Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

MÀMÁ: Má sọ̀rọ̀ sókè, orí ń fọ́ mi. Ìjókòó ẹ múlọ́múlọ́.

TÌMÍLẸ́YÌN: Bẹ́ẹ̀ ni mà.

MÀMÁ: Àwọ̀ wo ni ọkọ̀ náà? Mi ò bi Déọlá, inú ń bí i.

[Ìlà ń há.]

TÌMÍLẸ́YÌN: Búlúù ni, Màmá.

MÀMÁ: Búlúù. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

TÌMÍLẸ́YÌN: Tí ẹ bá ti Ìbàdàn dé, ẹ máa fi ojú ara yín—

[Ìpè já.]